Fáàrí Tí Ẹ̀rù Bí

Ní ilé wa, fáàrí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí Màmá bá ti pè é mọ́ ẹnìkan, ẹni náà ní láti bọ́ nǹkan kan sílẹ̀: yẹtí, bàtà onígìgísẹ̀, tàbí ohùn tó ga jù. Mo rántí ọjọ́ tí mo yege nínú ìdánwò BEPC ti ilé ìwé girama. Mo sáré wọlé, mò ń pariwo, mo fẹ́ kí gbogbo òkè Attécoubé tí à ń gbé ní Abidjan gbọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Fáàrí nìyẹn. Lọ sọ fún Ọlọ́run nínú yàrá, Òun náà ní etí." Mo lọ sínú yàrá, mo sì sunkún, nítorí Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ilé kejì ni kò tíì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tó ń gbé e sójú títì kí aládùúgbò lè máa rí i, fáàrí ló ń ṣe. Ẹni tó ń da Faransé bo ìyá rẹ̀ tí kò lọ sílé ìwé, fáàrí ni. Àmọ́ ayẹyẹ ló máa ń bí i nínú jù. Kì í ṣe pé ó kórìíra àríyá o. Ó máa ń lọ, ó máa ń jẹun, ó sì máa ń jó bí orin bá wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ń ṣe àríyá, á máa wo àlejò bóyá ó ti jẹun. Bó bá ń ṣe fáàrí, á máa wò bóyá àlejò ń wo òun. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Jùlá ní ọ̀rọ̀ kan tó sún mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní faro. Àwọn ọmọ ìgboro ti sọ tiwọn di faroter, oríyìn ló sì jẹ́ lẹ́nu wọn. "Ah, la vieille, tu as faroté, hein!" Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, pé ìyá ti ṣe fáàrí, fún ìyá àgbà tó wọ aṣọ ọdún, ìyá àgbà náà á sì yí ara po kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́nu Màmá, ẹ̀sùn ni. Òwe kan ṣoṣo ló sì fi ń tì í lẹ́yìn: "Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ọmọ lọ." Mi ò mọ oko olówó kankan ní Abidjan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi bẹ̀rù rẹ̀.

Èmi tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀ yìí ni mo wá ṣe fáàrí tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Ẹ̀rù ló mú mi ṣe é.

Ìgbòho ni bàbá wa ti wá. Nígbà tó ríṣẹ́ ní Abidjan, ó gé ara òkè ní Attécoubé, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri gíga kan sẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ òkè má bàa ya wá bá wa. Ẹ̀yìn ògiri yẹn la ti dàgbà. Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó lọ sí Biétry níbi tó ti ń ta táyà, èmi náà lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Yopougon, lápá ibòmíràn nínú ìlú kan náà. Màmá nìkan ló kù sílé, pẹ̀lú ayálégbé kan, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta àtiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ bíi gààrí, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn náà ló sún mọ́ ògiri jù.

Ògiri ọ̀hún ti lanu láti bí ọdún mélòó kan. Nígbà àkọ́kọ́, àlàfo náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ. Àwọn ará mérì, ìjọba ìbílẹ̀, wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ilé, wọ́n ní ibẹ̀ kò dára fún èèyàn láti gbé. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn lómi mu, nígbà tí wọ́n lọ tán ó gbé ẹní kọ́ sórí àmì náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ṣú ní Yopougon, àyà mi á já. Mo lè wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kí n máa ya igun mẹ́ta sójú pátákó, kí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, ọwọ́ mi á dúró. Mo máa ń jáde lọ pè é.

"Màmá, ẹ jáde síta."

"Òjò ni, kì í ṣe ogun."

"Ẹ lọ sí Biétry, ẹ lọ sun ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n."

"Kí n lọ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ? Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo."

Ó máa ń fi òwe yìí sé mi lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú sí i, mo gbé ẹbí dìde sí i, kò yí padà. Ó ní ilé tí ọkọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kò lè pa òun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwa ọmọ rẹ̀ rán an lọ sí Mẹ́kà. Inú wa dùn, àfi ìgbà tí mo wo kàlẹ́ńdà, mo rí i pé àárín gbùngbùn òjò ni yóò padà dé. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, mo lọ wo ilé. Òjò kò tiẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn ń ràn. Mo lọ sẹ́yìn, mo ki ọwọ́ bọ inú àlàfo ara ògiri, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Omi aláwọ̀ amọ̀ ń sun láti inú rẹ̀, ó ń ṣàn wá sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ayálégbé. Mo fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí nǹkan fẹ́ bù jẹ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó mú bíríkìlà lọ wò ó, bíríkìlà ní kò sí ẹni tó máa walẹ̀ sábẹ́ ògiri yẹn nínú òjò, àfi bí òjò bá dá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ní sùúrù. Mo ní kí ló dé tí òun kò lọ sun ibẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá jẹ́ sùúrù ló kù. Ẹ̀rù ti bà á náà, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Láàárín àwa tí bàbá wa wá láti Ṣakí àti Ìgbòho, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé kò lè sọ pé kí wọ́n má kí òun. Àwọn èèyàn gbà pé àdúrà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń tètè gbà, nítorí náà wọ́n á wá, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní kó ṣàdúrà fún ọmọ wọn àti òwò wọn. Ẹni tó bá sá fún wọn, àdúrà ló sá fún. Màmá lè kọ̀ sí mi lẹ́nu, kò lè kọ̀ sí àlejò lẹ́nu. Bí mo bá kó èèyàn jọ tó bẹ́ẹ̀ tí òkè Attécoubé kò gbà wọ́n, ibi tí èrò bá wà ni yóò lọ jókòó sí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó níbẹ̀, ọjọ́ kan ni kò ní sùn lábẹ́ ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. "Ìwọ! Toi-même! Fáàrí!" Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú, ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní, "D'accord. Ó dáa, sọ ohun tó o fẹ́."

Ohun tí mo fẹ́ kò kéré. Mo gba pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mò ń gbé ní Yopougon, mo ní kí wọ́n ta ìbòji sí gbogbo rẹ̀. Mo háyà àga ńlá kan tí wọ́n kùn ní wúrà, irú èyí tí ìyàwó àti ọkọ máa ń jókòó sí. Mo ya àwòrán Màmá sára aṣọ fífẹ̀, mo gbé e kọ́ ojú títì, *Bonne arrivée Àlájà*, ẹ káàbọ̀ Àlájà. Mo wá ọkọ̀ funfun gígùn, mo wá ẹni tó ń ya fídíò, mo wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbọ́ láti ojúlé kẹwàá. Mo ní kí ayálégbé wa wá máa ṣe àtiéké fún àlejò, kí òun àti ọmọ rẹ̀ máa sun ọ̀dọ̀ mi títí gbogbo rẹ̀ á fi parí. Mo fẹ́ ké sí gbogbo ará òkè náà pẹ̀lú, ilé dé ilé, kí ẹnikẹ́ni má bàa kù sábẹ́ ilẹ̀ yẹn.

Ìròyìn ń yára ju ọkọ̀ òfurufú lọ. Màmá pè mí láti Mẹ́kà.

"Mo gbọ́ pé wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ ojú títì. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Àwọn èèyàn fẹ́ yẹ́ yín sí ni."

"Àwọn èèyàn wo? Ìwọ ni wọ́n dárúkọ fún mi. Ṣé èmi ni mo bí ẹ? Fáàrí wo lò ń ṣe lórí mi yìí? Gbọ́, ilé mi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀. O ò sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo aládùúgbò mi dà sínú bọ́ọ̀sì gbaka lọ sí Yopougon. Àwọn èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n."

Mo ní mo gbọ́, mi ò sì ké sí àwọn ará òkè mọ́. Mi ò lè sọ òótọ́ fún un, torí bó bá mọ̀ pé nítorí ògiri ni, ńṣe ni yóò wọlé, tí yóò ti ilẹ̀kùn, kó lè fi hàn mí pé Ọlọ́run ń bẹ.

Ọjọ́ tó dé, òjò ń sẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ funfun wa gba ọ̀nà Attécoubé lọ, ó sì dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó gun òkè lọ sílé wa. Àwọn aládùúgbò jáde. Màmá gùn ún díẹ̀díẹ̀, aṣọ rẹ̀ funfun, eyín wúrà tuntun ń tàn lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún tọmọdé tàgbà. Mekaníìkì tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa, ọkùnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀, kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kí Màmá lè gbé ọwọ́ lé e lórí. Màmá wọlé. Mo tẹ̀ lé e.

Ó tan iná. Ó fọwọ́ kan orí bẹ́ẹ̀dì, ó kan àpótí rẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀.

"Màmá, èrò ń dúró."

"Kí wọ́n dúró. Ẹ̀yìn mi ń ro mí."

Ó di ojú. Òjò ń pọ̀ lórí páànù. Mo dúró láàárín yàrá náà, mo ń wo ògiri ẹ̀yìn, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣí sílẹ̀ lódìkejì, ó ń ró ṣìì, bí ẹni tó ń da ìrẹsì sínú abọ́. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo ojú Màmá, ó ti fẹ́ sùn, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé ó ti délé.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Ẹ dìde! Mo ní kẹ́ ẹ dìde!"

Ó la ojú, ó wò mí pẹ́. "Fáàrí ti gùn ẹ́ bí ẹṣin," ló sọ. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó fi iná sílẹ̀ ní títàn. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá sùn.

Kò padà. Ní Yopougon, mo rí i dájú pé bí ẹgbẹ́ kan bá ń dìde, òmíràn ti ń jókòó. Àwọn ará Ṣakí wá, àwọn ará Ìsẹ́yìn wá, àwọn ará Kútọ̀nù tó bá a ṣòwò nígbà kan wá, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí kò gbọ́ Yorùbá wá, wọ́n ń ṣe àmín níbi tí kò yẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, á ti rẹ Màmá débi pé orí bẹ́ẹ̀dì mi ló máa ń bá ara rẹ̀. Ó ń bú mi láàárọ̀, ó ń bú mi lálẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí oní-fídíò bá ti ń bọ̀, Màmá máa ń ya ẹnu díẹ̀ sápá òsì, níbi tí eyín wúrà wà.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀, ńṣe ló ń dà. Ìbòji ń fì, àwọn àlejò ká ẹsẹ̀ sórí àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kú. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé ti lọ," ó ní. "Òkè ya. Ògiri, yàrá, gbogbo ẹ̀."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo wo àga wúrà. Màmá wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá arúgbó kan mú. Mo wá wo ìdí ìkòkò àtiéké. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ayálégbé wa ti sọ fún mi láàárọ̀ pé aṣọ ọmọ òun tó gbẹ ti tán, pé òun fẹ́ sáré dé ilé. Mo ti ní kó má lọ, ṣùgbọ́n ṣé ó gbọ́? Mo sáré yí pápá náà ká, mo ń pè é. Mo wo inú ilé mi, mo wo ẹ̀yìnkùlé. Abẹ́ tábìlì tí a to àwo sí ni mo ti rí i, òun àti ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, wọ́n ti sùn lọ, òjò kò dé ibẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Fóònù mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìbátan wa kan ló pè láti Ìgbòho, ó ń sunkún, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé Màmá wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnu yà mí, mo ní rárá. Ìgbà náà ló yé mi. Àwọn ará òkè rí i nígbà tó wọlé, púpọ̀ nínú wọn kò rí i nígbà tó jáde sínú òjò. Wọ́n ń rí iná yàrá rẹ̀ lálaalẹ́. Wọ́n gbà pé ó wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi pe mekaníìkì. Kò gbé e. Ó pè é títí, ẹlòmíràn gbé e, ariwo òjò àti ti ṣọ́bìrì ń wọlé. "A ń wá a! On creuse! A ń walẹ̀! On est beaucoup, a pọ̀!" Ẹ̀gbọ́n mi ń kígbe pé Màmá wà lọ́dọ̀ wa, ẹni náà kò gbọ́, fóònù já. Ìyókù òkè náà ṣì wà lórí wọn, òjò sì ń dà. Wọ́n ń fi ọwọ́ walẹ̀ nítorí ẹni tó jókòó sórí àga wúrà ní Yopougon.

A sọ fún Màmá. Mo rò pé yóò ṣubú. Ó kọ́kọ́ béèrè ayálégbé àti ọmọ rẹ̀, mo ní wọ́n wà níbí. Ó ní, "Àwọn ta ló wá ń walẹ̀?" Mo dárúkọ àwọn tí mo mọ̀. Ó dìde. Mo ń retí pé yóò ní kí n bá òun wá aṣọ tó ṣeé rìn nínú ẹrẹ̀. Léèsì funfun olókùúta tí a rán fún ọjọ́ ìkẹyìn àríyá ló ní kí n gbé wá. Ó ní kí n kó ìlẹ̀kẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn wúrà.

"Màmá, a ò ráyè fún èyí!"

"Kí ni wọ́n máa fi dá mi mọ̀ láti orí òkè?" ó ní. "Dè mí lẹ́yìn."

Mo de bọ́tìnnì náà. Nínú ọkọ̀, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà.

Nígbà tí a dé, ilẹ̀ pupa ti bo ìdajì àtẹ̀gùn. Èrò dúró nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ń ké. Lókè, níbi tí ilé wa wà, mo rí àwọn ọkùnrin bí mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ba, tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, àti lókè orí wọn, ara òkè tó ti bó, igi kan tó fì síwájú, amọ̀ tó ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́. A kígbe. Òjò gbé ohùn wa mì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, ẹrẹ̀ gbé e ṣubú, ó tún gùn ún.

Tábìlì ẹni tó ń ta ẹja yíyan wà létí ọ̀nà. Màmá ní kí n gbé òun gùn ún. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó dúró lórí tábìlì nínú òjò, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó tú ìborùn wúrà, ó ń jù ú káàkiri lórí. Ó yí ara po, ó ṣe iwájú, ó ṣe ẹ̀yìn, ó gbọn ìlẹ̀kẹ̀, ó ń jó láìsí orin, ó la ẹnu kí eyín wúrà lè hàn. "Ẹ wò mí!" ló ń ké. "Ẹ wò mí o! Èmi rèé! Ẹ wo aṣọ mi!"

Mekaníìkì ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. Ó wo ìsàlẹ̀ pẹ́, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn náà wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di ara wọn mú. Amọ̀ kò yéé já bọ́ lẹ́yìn wọn. Mo ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó ti tó. Ó ní ẹnì kan ṣì kù lókè tó ń walẹ̀, ẹni yẹn kò tíì wẹ̀yìn. Ó tún na ìborùn sókè, ó tún yí po, ó ń rẹ́rìn-ín sí òkè náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ kan mú kó má bàa ṣubú. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú tèmi ń gbọ̀n, ó sì fún ìka mi débi pé ó dùn mí.